Ọjọ́ Kìíní Tọkọtaya ní New York: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Ṣáá

Láti ìgbà tí èmi àti Bàbá Ìbejì ti lọ ṣe họ́lídè ọ̀sẹ̀ kan ní New York lóṣù October 2023, nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́wàá, kò tíì sí oṣù kan tó kọjá kí ẹnìkan má pè mí pé "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èmi àti ọkọ mi náà ń lọ o, báwo la ṣe máa ṣe é tá a bá débẹ̀?" Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ títí ẹnu fi ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo kọ o, torí ọjọ́ yẹn ni gbogbo wàhálà máa ń kóra jọ sí, èyí tó kù á máa yanjú ara ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tètè mọ èrò mi: mi ò gbà pé ọjọ́ kìíní jẹ́ ọjọ́ ìgbafẹ́. Ara ti dé, ẹ̀mí ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó bá yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri.

Fìsà ńkọ́, báwo lẹ ṣe gbà á?

Ẹ má bínú, mi ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ fìsà níbí. Òfin ẹ̀ ti yí padà láti ìgbà tí àwa ti lọ, ẹni tó bá fi ti 2023 ṣe ìwọ̀n á kàn ṣi ara ẹ̀ lọ́nà ni. Ojú ìwé ẹ́ḿbásì gan-an ni kẹ́ ẹ lọ kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀.

Ìgbà wo ló dáa jù kí báàlù gúnlẹ̀, àárọ̀ àbí ọ̀sán?

Tó bá ṣeé yàn, ẹ yan ọ̀sán. Tiwa gbéra l'Ékòó lóru, wákàtí bíi mọ́kànlá sí méjìlá ni téèyàn ò bá dúró níbì kankan, ìgbà tá a máa fi gúnlẹ̀ ní JFK, pápákọ̀ òfuurufú New York, kò tíì ju aago mẹ́fà ìdájí lọ. Ẹ máa rò pé ìyẹn dáa, pé odidi ọjọ́ ṣì wà níwájú. Irọ́ ni o! Òtẹ́ẹ̀lì ò ní fún yín ní yàrá títí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà míì mẹ́rin, ẹ ò dẹ̀ tíì fojú kan oorun gidi láti àná, ẹsẹ̀ ti wú nínú bàtà. Ẹ wá fi ti aago kún un. Ní October tá a lọ, wákàtí márùn-ún ni Èkó fi ṣíwájú New York, tó bá ti di November títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ March á di mẹ́fà, torí àwọn máa ń yí aago wọn, àwa kì í yí tiwa. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, inú mi ti ń wá oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ni wọ́n ń bèèrè ní ìmígírésọ̀n? Ṣé wọ́n máa yà wá sọ́tọ̀ sí ara wa?

Rárá, tọkọtaya lè jọ lọ síwájú ọ̀gá kan náà, ẹ kàn sọ fún ẹni tó ń to ìlà pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ni. Ìlà tiwa lé ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe yọ fóònù síta níbẹ̀ o, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, torí náà àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó wà lọ́wọ́, kó má ṣe wà nísàlẹ̀ báàgì.

Ohun tí wọ́n bi wá ò ju márùn-ún lọ: kí lẹ wá ṣe, ọjọ́ mélòó, ibo lẹ máa sùn, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, ta ló san owó ìrìnàjò. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka, wọ́n á ya yín ní fọ́tò, ó parí. Ìdáhùn kúkurú ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀gá yẹn bi Bàbá Ìbejì pé ọjọ́ mélòó lẹ máa lò, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ látorí ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó, ó ti fẹ́ dé ibi tá a ti pàdé n'Ífẹ̀ kí n tó fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ kàǹtà. Ọjọ́ méje, sà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan ní kí n yẹ I-94 mi wò, kí nìyẹn?

Àkọsílẹ̀ ìwọlé yín ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, lórí ojú ìwé CBP, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nílùú wọn. Àwọn èèyàn wa máa ń wo ọjọ́ tó wà lára fìsà, wọ́n á rò pé ìyẹn ni, kì í ṣe ìyẹn rárá. Ọjọ́ tó wà lára fìsà, ìgbà tẹ́ ẹ lè fi í wọlé ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn gan-an, torí tí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ tàbí nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ó dáa kẹ́ ẹ tètè rí i.

Ṣé a lè gbé oúnjẹ dání? Màmá ọkọ mi ti ń di nǹkan sínú báàgì.

Ha. Ẹ jókòó.

Ẹran ò gbọdọ̀ wọlé. Ì báà yan, ì báà gbẹ, ì báà jẹ́ pọ̀ǹmọ́, ẹran ìgbẹ́ tiẹ̀ burú jù. Èso tútù, ewé tútù, irúgbìn tó lè hù, bákan náà ni, kódà ápù tí wọ́n fún yín nínú báàlù, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Gàrí wa kọjá, èlùbọ́ kọjá, ata gígún gbígbẹ kọjá, kò sẹ́ni tó bi wá.

Kìlíṣí ò kọjá. Màmá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ló lọ rà á fúnra wọn ní Sábó n'Íbàdàn, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta di í, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní lọ jẹ búrẹ́dì gbẹ nílẹ̀ òkèèrè. Mo ní, "Màmá, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé ẹran wọlé o." Wọ́n ní, "Ta ló ní ẹran ni? Kìlíṣí ni." Bàbá Ìbejì wojú mi bíi kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Kò sí báàgì tí wọ́n rí fi í sí ju tọwọ́ mi lọ.

Ibi tá a ti ń dúró de ẹrù wa ni ajá kékeré kan ti yọ, elétí gígùn, ó wọ ẹ̀wù kékeré bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbóòórùn báàgì ẹnìkan, ó gbóòórùn tẹlòmíì, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì jókòó. Kò gbó, kò bù mí jẹ, ó ṣáà jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wo ojú obìnrin tó mú un dání. Obìnrin yẹn bi mí bóyá mo ní oúnjẹ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni ma, ẹran gbígbẹ ni, iwájú báyìí la ti fẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Òótọ́ tí mo sọ yẹn ló gbà wá o. Wọ́n gba kìlíṣí, wọ́n sọ ọ́ sínú garawa níṣojú wa, wọ́n ní ká máa lọ. Ẹni tó bá fi pamọ́, tó ní òun ò ní nǹkankan, tí ajá wá jókòó tì í, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó $1,000. Ohun tó bá wà nínú báàgì yín, ẹ dárúkọ ẹ̀.

Owó mélòó la lè mú dání?

Iye tó bá wù yín, àmọ́ tó bá ti lé ní $10,000, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ẹ ṣọ́ra níbí o, owó tọkọtaya tó jọ wọlé, àpapọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń kà, ẹ má pín in méjì kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti gbọ́n.

Ní ti ìnáwó, ẹ wá dọ́là kéékèèké, $1, $5, $20, torí wọn ò fẹ́ràn $100 ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Nígbà tí àwa lọ, káàdì náírà wa ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, káàdì tó so mọ́ àkáǹtì dọ́là la lò. Ẹ bi báńkì yín kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ bá wà níwájú kàǹtà.

Báwo la ṣe máa ti JFK dé Manhattan, àárín gbùngbùn ìlú náà?

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ dáadáa. Èkínní ni takisí aláwọ̀ ìyeyè. Iye kan ṣoṣo ni láti JFK sí ibikíbi ní Manhattan, $70 ni nígbà tá a lọ, ẹ máa fi owó afárá tàbí ihò abẹ́ odò kún un tí ọkọ̀ bá gba ibẹ̀, àwọn owó orí kéékèèké míì náà wà, ẹ ó sì fi típù kún un, torí náà ẹ kà á sí bíi $90 nígbà yẹn. Ìlà takisí wà níta, òṣìṣẹ́ ló máa nawọ́ sí ọkọ̀ fún yín. Àwọn tó bá pàdé yín nínú ilé tí wọ́n ń sọ "taxi, taxi" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn, bí àwọn tó ń sọ "dollar, pounds" létí yín l'Ékòó ni wọ́n rí, wọn ò tiẹ̀ láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni rélùwéè, òun là wọ̀, Bàbá Ìbejì ló ṣìrò ẹ̀ pé fún àwa méjèèjì kò ju $25 lọ. Ẹ máa wọ AirTrain ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀fẹ́ ni láti ibì kan sí ìkejì láàárín JFK, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde ní Jamaica tàbí Howard Beach lẹ máa tó sanwó, ó lé díẹ̀ ní dọ́là mẹ́jọ lẹ́nìkan nígbà yẹn. Jamaica yìí, àdúgbò kan ni ní Queens o, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín pé wọ́n ń gbé yín lọ sílùú míì. Níbẹ̀ lẹ máa wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ E tó ń lọ Manhattan. Tó bá jẹ́ Howard Beach lẹ gbà, ọkọ̀ A ni. $2.90 ni abẹ́ ilẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ti fi kún un báyìí. Ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì báńkì tí wọ́n máa ń fi kanra mọ́ ẹ̀rọ náà ti tó, ẹ sì lè fi ẹyọ kan sanwó fẹ́ni méjì: ọkọ á kàn án, á kọjá, á na káàdì sí ìyàwó lẹ́yìn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé ìṣirò Bàbá Ìbejì ò ka àtẹ̀gùn mọ́ ọn. Ibi tá a ti bọ́ sílẹ̀ ní Manhattan ò ní lífìtì, báàgì ńlá méjì, èyí tó wà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi ga, àtẹ̀gùn ń lọ sókè bíi ti Bower's Tower. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọkùnrin kan tó gbé ike kọfí lọ́wọ́ kan kàn fi ọwọ́ kejì gbá báàgì mi mú nísàlẹ̀, kò kí mi, kò bi mí, a jọ gbé e dé òkè, kí n tó ní "God bless you, sir" ó ti rá mọ́ èrò. Tí báàgì yín bá ju ẹyọ kékeré kọ̀ọ̀kan lọ, ẹ wọ takisí, $65 tẹ́ ẹ máa fi rélùwéè ṣẹ́kù yẹn ò tó owó oògùn ẹ̀yìn.

Fóònù ńkọ́? Ìgbà wo la lè pe ilé?

Wáìfáì ọ̀fẹ́ wà ní JFK, ẹ fi WhatsApp sọ fún wọn pé ẹ ti gúnlẹ̀, kí ìyá má bàa máa gbààwẹ̀ lásán. Tí fóònù yín bá gba eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ní káàdì, ẹ rà á láti ilé, kẹ́ ẹ tàn án tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ tún ya fọ́tò ojú ọ̀nà sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì ò gbà wá wọlé, kí la máa ṣe títí aago mẹ́ta?

Wọ́n á gba ẹrù yín pa mọ́, ẹ kàn bèèrè. Wọ́n á fún yín ní bébà kékeré, ẹ fún ìyàwó nínú yín tọ́jú (mo sọ ohun tí mo mọ̀). Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń gba yàrá gan-an, wọ́n máa di owó kan mú lórí káàdì yín gẹ́gẹ́ bí ìdúró, wọ́n di $200 mú lórí tiwa, ó tó bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tá a kúrò kó tó padà wá, torí náà ẹ má fi gbogbo owó yín sórí káàdì kan. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì míì tún máa ń fi owó kan tí wọ́n ń pè ní destination fee lé e lójoojúmọ́, nígbà tá a lọ, kò sí nínú iye tá a kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi sí ìyẹn, ó ṣì ń bí mi.

First floor wọn náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Ẹ má gun òkè lọ wá ibi tẹ́ ẹ ti wà.

Ibo la lè lọ lọ́jọ́ kìíní tí kò ní gba agbára?

Ọkọ̀ ojú omi Staten Island, tó ń kó èrò láti Manhattan lọ sí erékùṣù náà. Tí wọ́n bá ní kí n yan nǹkan kan ṣoṣo fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ni màá yàn. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ láti 1997, tọ̀sán tòru ló ń rìn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àlọ. Ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ọsàn ni, ó ní ìjókòó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò ní rìn, ẹ ò ní tò pẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ 1 á gbé yín dé South Ferry, 4 tàbí 5 á gbé yín dé Bowling Green, ẹ sì ti débẹ̀. Ẹni tó bá na tíkẹ́ẹ̀tì sí yín lójú títì pé òun ń tà á, ẹ sá fún un.

Apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa rí Ère Òmìnira, èyí tí àwọn ará Faransé fi ta wọ́n lọ́rẹ, tí wọ́n ṣí ní 1886. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ojú ọjọ́ ló sọ ọ́ di àwọ̀ ewé yẹn. Láti ilẹ̀ dé orí iná tó gbé lọ́wọ́, mítà 93 ni, àmọ́ láti orí omi, Bàbá Ìbejì wò ó títí, ó ní "Ṣé bó ṣe mọ nìyí? Ó tóbi jùyí lọ lórí tẹlifíṣọ̀n." Èmi ò tiẹ̀ wo ère mọ́ nígbà yẹn, ẹ̀yìn ni mo kọjú sí, tí Manhattan ń sún sẹ́yìn, gbogbo ilé gíga yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n to ìwé sórí tábìlì tí ẹnìkan fẹ́ kó wọn. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé a ti dé lóòótọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé òdìkejì, gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà lójú ẹsẹ̀, ẹ kàn yípo nínú ilé náà kẹ́ ẹ tún wọ̀ ọ́. Atẹ́gùn orí omi yẹn le o, ẹ wọ nǹkan sí etí.

Ṣé nǹkankan wà nítòsí tó kan àwa ọmọ Áfíríkà?

Ó wà, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa kí á tó lọ, àṣìrìn ló gbé wa débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ibi ọkọ̀ ojú omi rìn lọ sókè lórí Broadway, ẹ máa dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní African Burial Ground. Ní 1991, nígbà tí ìjọba ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ọ́fíìsì, egungun èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni, ẹrú àti òmìnira, tí wọ́n sin síbẹ̀ nígbà tí wọn ò gbà kí wọ́n sin òkú wọn mọ́ tàwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n ní wọ́n lé ní 15,000 nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn. Wọ́n gbé 419 jáde láti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n tún wọn sin ní 2003, ní 2006 wọ́n sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọ̀fẹ́ ni, ilé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ẹ̀ wà ní 290 Broadway.

Níbẹ̀ ni mo ti kà pé wọ́n bá obìnrin kan tí wọ́n sin tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ẹ̀, ẹyọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, owó ẹyọ náà wà nínú ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rántí ìyá ìyá mi tó máa ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilé, tí á ní ká dìde dúró, tí á fi òwú yí wa nídìí wò kó tó so ó. Wọn ò mọ ìlú tí obìnrin yẹn ti wá, wọn ò mọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ ẹnìkan ló sín in fún un. Bàbá Ìbejì ò sọ̀rọ̀, ó kàn mú mi lọ́wọ́, ọkọ mi kì í mú mi lọ́wọ́ níta.

Kí la máa jẹ, báwo sì ni ọ̀rọ̀ típù yẹn ṣe jẹ́?

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ ti àwọn kẹ̀kẹ́ ẹ̀bá títì, ìrẹsì àti adìyẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ funfun, ó tó bíi $10 nígbà yẹn, ọ̀kan tó fún ẹni méjì tí oorun ń kùn. Ọbẹ̀ pupa wọn ta o, mo kọ́kọ́ fojú di í. Àwọn ilé oúnjẹ tiwa wà ní Brooklyn àti Bronx, àmọ́ ọ̀nà jìn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ míì.

Iye tó wà lára ọjà kọ́ lẹ máa san. Owó orí ìlú náà jẹ́ 8.875%, torí náà ohun tí wọ́n kọ $20 sí, $21.78 lẹ máa san. Aṣọ àti bàtà tí ẹyọ kan ò tó $110 ni wọn kì í gba owó orí lé. Tẹ́ ẹ bá jókòó sí ilé oúnjẹ tí ẹnìkan ń gbé e wá fún yín, típù 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò pọn dandan lójú òfin, àmọ́ òun lẹni yẹn fi ń jẹun, ẹ má ṣe ahun. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìṣirò bóyá wọ́n ti fi kún un tẹ́lẹ̀. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí kọjú sí yín nítorí ike kọfí kan, tẹ́ ẹ bá tẹ "no", ayé ò ní parẹ́.

Omi tútù ọ̀fẹ́ ni, yìnyín ló máa kún inú ẹ̀. Ẹ ní "no ice" tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn eyín yín.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì?

Ó ṣọ̀wọ́n lójú títì, ẹ lo ti ibi tẹ́ ẹ bá ti jẹun. Àlàfo wà láàárín ilẹ̀kùn wọn àti ògiri, ẹ ó máa rí ẹni tó ń kọjá, òun náà á máa rí yín, mi ò mọ ìdí tí ìlú olówó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo bútà, ẹ mú ike omi òfìfo sínú báàgì.

Ṣé pílọ́ọ̀gù wa máa wọlé, òtútù ńkọ́?

Pílọ́ọ̀gù wa ò wọlé, ẹ ra adápítọ̀ elétè pẹlẹbẹ méjì l'Ékòó, ó wọ́n níbẹ̀. Iná wọn 120 ni, tiwa 230. Ṣájà fóònù ò ní wàhálà, wọ́n ti kọ ọ́ sára ẹ̀ pé 100 sí 240, àmọ́ áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ gbígbẹ irun tẹ́ ẹ gbé láti ilé ò ní gbóná, ẹ fi sílẹ̀.

Òtútù, ẹ má fi nọ́ńbà tó wà lórí fóònù tan ara yín jẹ. Bàbá Ìbejì rí 54, ó ní "54 kẹ̀? Ooru ni yẹn," ó fi bùbá ańkárá nìkan jáde. Fahrenheit ni wọ́n ń lò, 54 yẹn ò ju méjìlá tiwa lọ, ọyẹ́ tó mú gan-an ni. Kíá ló padà wọlé.

Ṣé ẹ jà?

Ẹ̀ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti àtẹ̀gùn, ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ìkejì, nígbà tí mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ní "Hi, how are you" fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, mo bi í nípa ilé, ó ti ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, mo bínú. Ohun tí àwa méjèèjì wá gbà ni pé láti aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ kankan di ọ̀la. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì pín iṣẹ́ láti ilé: ẹnìkan mú páásípọ́ọ̀tù, ẹnìkan mú fóònù ojú ọ̀nà, kẹ́ni tí kò mú un má ṣe máa darí ẹni tó mú un.

Ìgbà wo la lè sùn?

Ẹ gbìyànjú kó di aago mẹ́sàn-án. Ẹ jáde síbi tí oòrùn wà, ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, torí bẹ́ẹ̀dì ìlú yẹn, ẹni tó bá "kàn fẹ́ na ẹ̀yìn" lórí ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwa ò lè dúró, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ là ń hanrun, la bá jí lágogo méjì òru, ojú là kedere bíi ti òwìwí, ebi ń pa wá.

Kò sí kẹ́tù nínú yàrá, ẹ̀rọ kọfí kékeré ló wà, àmọ́ gàrí ò bèèrè omi gbígbóná. A da omi tútù sínú ife kọfí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀pà wà, ṣúgà kọfí wọn la fi sí i, a gbé àga lọ sẹ́nu fèrèsé, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ń kígbe nísàlẹ̀. Aago méje àárọ̀ ti lù n'Íbàdàn, a pe Màmá. Wọ́n gbé Ìbejì sórí fóònù, Táyé ń sunkún pé Kẹ́hìndé gba síbí òun. Màmá wá sún mọ́ ọn, wọ́n bi wá léèrè bóyá a ti fẹnu kan kìlíṣí yẹn.

Mo wo Bàbá Ìbejì. Ó kọ́kọ́ mu gàrí lẹ́ẹ̀kan.

"A ti jẹ ẹ́, Màámi," ni ó wí. "Ó dùn gan-an."